Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fọ́tò aláwàdà àwọn ẹ̀dá kéékèèké inú ọgbà, láì fìyà jẹ wọ́n

Màmá Ọgbà, Òṣogbo

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì rò pé ibí ni mo ti lè rí ẹni tí yóò yé.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ẹ̀yìnkùlé mi kò tóbi: igi ọsàn kan, ìbẹ́pẹ méjì, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú lórí ebè mẹ́rin, àti ògiri búlọ́ọ̀kù tí a kò tíì rẹ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó rí ìgbín kan nídìí ìbẹ́pẹ. Ó ní, “Màmá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò gbé e.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mọ́tò tó ń wí ni èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi agolo sàdíìnì ṣe lọ́dún tó kọjá, tó gé rọ́bà sílípáàsì sí i ní táyà. A gbé ìgbín sórí mọ́tò, ìgbín wọ ilé rẹ̀ lọ. A jókòó tì í títí. Ó tún yọ ìwo, inú wa dùn, mo na fóònù sí i, ó tún wọlé. Ìgbà mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà karùn-ún mo rí i yà, ṣùgbọ́n ohun tó hàn kedere nínú fọ́tò náà ni táyà mọ́tò. Ojú ìgbín rí bàìbàì bí ohun tó wà lẹ́yìn èéfín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti agẹmọ. Orí ẹ̀ka ọsàn la ti rí i. Mo jẹ́ kó gun igi kékeré kan fúnra rẹ̀, mo gbé e lọ sórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Èrò wa ni pé yóò gbé àwọ̀ aró wọ̀. Kò gbé e wọ̀. Ńṣe ló dúdú, ó wú, ó la ẹnu sí wa. Mo dá a padà sórí ọsàn kíákíá, nítorí mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí ni ọmọkùnrin kan ládùúgbò. Ó gbọ́ nípa eré wa, ó fi òwú so ọmọńlé mọ́ àga kékeré tó fi páálí ìṣáná ṣe, ó gbé e wá pé ká yà á. Ọmọńlé jà títí, ìrù rẹ̀ já. Ó sá lọ, ìrù náà kù sórí símẹ́ńtì, ó ń jó. Ọmọ-ọmọ mi kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ó bi mí pé, “Ṣé eré wa ló já a nírù?” N kò rí èsì gidi fún un.

Mo fẹ́ kí eré yìí máa lọ, nítorí láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni ọmọ yìí ti ń jí ṣáájú mi kó lè wo ohun tó wà lábẹ́ ewé. Ó tún ti rán fìlà abetí ajá kan sílẹ̀ dè akọ alángbá olórí pupa tó máa ń wà lórí ògiri wa. Báwo la ṣe lè ṣe é tí a kò fi ní ni ẹ̀dá kankan lára? Kí ló sì fà á tí ojú wọn kì í fi hàn kedere? Fóònù lásán ni mo ní.

Ayàwòrán Mọ́níyà, Ìbàdàn

Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ ni mo ń yà jẹun, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya kòkòrò ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín yìí wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ yẹn lóhùn. Ẹ sọ fún un pé òwú ló fa ìrù yẹn já, kì í ṣe eré. Ọmọńlé fúnra rẹ̀ ló máa ń já ìrù sílẹ̀ bí nǹkan bá dì í mú, kí ohun tó fẹ́ pa á lè máa wo ìrù tó ń jó, kí òun sì rí ọ̀nà lọ. Òmíràn yóò hù fún un, bí kò tilẹ̀ ní rí bí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ èyí tó kù fún un pẹ̀lú: inú ìrù yẹn ni ọmọńlé ń kó ọ̀rá pamọ́ sí de ọjọ́ tí kò bá rí oúnjẹ. Ohun tó pàdánù kì í ṣe kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè gbọ́ èyí, yóò sì yé e.

Ohun tí èmi gbà gbọ́ ni pé ẹ̀dá náà ni kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá eré. Tiwa ni ká tẹ́ ẹní eré sílẹ̀ sí ọ̀nà tó máa ń gbà, ká sì jókòó. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò wọ́n pẹ́ yóò mọ̀. Ìgbín tó bá wọlé ti sọ tiẹ̀. Agẹmọ tó dúdú tó sì la ẹnu ti pariwo. Ẹ ṣe dáadáa bí ẹ ṣe dá a padà.

Ọ̀rọ̀ ìgbín rọrùn. Ojú ìgbín wà ní ṣóńṣó ìwo gígùn méjèèjì. Kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ṣùgbọ́n ó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn. Nígbà tí ẹ bá na fóònù sí i láti òkè, òjìji fóònù ló ń bò ó, lójú tirẹ̀ ẹyẹ ló dé yẹn. Ẹ jókòó sí òdìkejì oòrùn, kí òjìji yín ṣubú sẹ́yìn yín, kí ẹ sì ti gbé fóònù sí àyè rẹ̀ kí ìgbín tó yọ ìwo. Ẹ má gbé e sórí mọ́tò rárá. Ẹ rẹ agolo náà sínú omi tútù kó má gbóná, ẹ fún omi ìbẹ́pẹ tó pọ́n sí àyè dírẹ́bà, ẹ gbé mọ́tò sí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì sí ibi tí ìgbín wà, lẹ́yìn òjò tàbí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìwo kúkúrú méjì tó wà nísàlẹ̀ ló fi ń gbóòórùn. Yóò wá fúnra rẹ̀, yóò gun mọ́tò, yóò sì pẹ́ níbẹ̀ torí ó ń jẹun. Ẹ fọ agolo náà mọ́ kí iyọ̀ sàdíìnì má kù síbẹ̀. Iyọ̀ ń pa ìgbín, kì í ṣe eré.

Ní ti bàìbàì, ẹ sún mọ́ ọn jù ni. Ọ̀pọ̀ fóònù ni kò lè mú ohun tó bá sún mọ́ ọn ju bí ìka mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, nítorí náà ó ń wá ohun mìíràn mú, ó sì rí táyà. Ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ yà á láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, kí ẹ wá gé etí fọ́tò kúrò lẹ́yìn náà. Ẹ má fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù kí ẹ tó yà á, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí fọ́tò rí bàìbàì. Ẹ tẹ ojú ìgbín lójú fóònù, kí ẹ má gbé ìka kúrò fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì, títí kámẹ́rà yóò fi tì í mọ́ ibẹ̀. Láti ìgbà yẹn ẹ má tẹ nǹkan mọ́. Bí ìgbín bá rìn síwájú, ẹ̀yin náà ẹ rọra fi ara sún sẹ́yìn. Àpò ìrẹsì kékeré kan lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ yóò dá ọwọ́ dúró ju ohunkóhun lọ.

Ojú ló ṣe pàtàkì. Bí ojú bá hàn, ìdí lè bàìbàì, ẹnikẹ́ni kò ní bèèrè. Bí ojú bá bàìbàì, kò sí fọ́tò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń dojú bolẹ̀ kí fóònù lè wà ní ìbámu pẹ̀lú ojú ẹ̀dá náà. Ìgbín tí a yà láti òkè, ìgbín lásán ni. Èyí tí a yà láti ilẹ̀, tó ń wò wá láti orí mọ́tò, ti di ẹnìkan.

Fíláàṣì, ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ di pépà funfun kan mú ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kò sí, ìmọ́lẹ̀ yóò ta padà sí ibi tó ṣókùnkùn.

Fìlà abetí ajá ni mo fi sẹ́yìn torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Alángbá kò gbọdọ̀ dé e. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín gbé fìlà náà dúró lórí ògiri, kó wà níwájú ibi tí alángbá ti máa ń yá oòrùn, bí ìka mẹ́rin sí i. Kí ẹ wá jókòó bí ìgbésẹ̀ méjì sí ògiri, kí ẹ sún fóònù sókè sódò títí fìlà yóò fi bọ́ sí ibi tí orí alángbá máa wà. Láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà fóònù máa ń mú ohun tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn pọ̀, méjèèjì yóò hàn kedere. Kámẹ́rà ńlá mi kò lè ṣe èyí bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí náà ẹ má sọ pé fóònù lásán. Ẹ má jí ní kùtùkùtù fún alángbá o. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ṣì tutù, orí rẹ̀ máa ń rí bí erùpẹ̀. Bí oòrùn bá ta sí i dáadáa ni pupa yẹn yóò yọ, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí mi orí sókè sódò fún àwọn akọ yòókù. Nígbà tó bá ń mi orí, bí fóònù yín bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ di bọ́tìnnì fọ́tò mú láì gbé ọwọ́, kó máa yà lọ ràrà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo kí Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ kò sọ agẹmọ lókùúta. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń pa á.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn, gbogbo wa la gbọ́ ọ láti kékeré pé àwọ̀ ohun tí agẹmọ bá wà lórí rẹ̀ ni yóò gbé wọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀, ooru ara rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ ló ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Bí òtútù bá mú un, ó lè dúdú kó lè fa oòrùn mọ́ra. Bí inú bá bí i, ó lè dúdú bákan náà. Bí ẹ bá fẹ́ àdìrẹ nínú fọ́tò, ẹ fi í ṣe ẹ̀yìn: ẹ ta á sórí okùn lẹ́yìn igi ọsàn, kí agẹmọ wà lórí ẹ̀ka tirẹ̀. Aró pẹ̀lú ewé tútù, yóò rẹwà gan-an. Kí ẹ sì dúró títí ojú rẹ̀ kan yóò fi máa wo iwájú, tí ìkejì ń wo ẹ̀yìn. Ojú méjèèjì kì í bá ara wọn rìn. Mo ní fọ́tò kan bẹ́ẹ̀ tí ojú kan ń wo mi, tí èkejì ń wo eṣinṣin.

Ẹ tún wo ewé ọsàn yẹn dáadáa, Màmá. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ lórí rẹ̀, dúdú òun funfun, ẹ má nù ún. Ọmọ labalábá ńlá alámì òféèfé ni, ó fi ìrísí yẹn sá fún ẹyẹ. Bó bá dàgbà sí i yóò di àwọ̀ ewé. Bí nǹkan bá fọwọ́ kàn án, yóò yọ ìwo méjì tó rí bí ahọ́n ejò jáde láti ẹ̀yìn orí, òórùn rẹ̀ sì le. Mo mọ̀ pé ọmọ yóò fẹ́ rí i. Ẹ jẹ́ kó rí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìlera díẹ̀ torí ọmọdé wà níbẹ̀. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gùn ju hóró ìrẹsì lọ díẹ̀: orí rẹ̀ dúdú, àyà pupa, ìyẹ́ kúkúrú tó dúdú bí aró, ikùn pupa, ìdí dúdú. Ó lẹ́wà, ọmọ yóò fẹ́ mú un. Kì í ta, kì í sì í bù jẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, oje rẹ̀ yóò bó àwọ̀ ara bí iná, ó sì lè di ọjọ́ kejì kó tó hàn. Nígbà òjò ló pọ̀ jù, iná alẹ́ sì ń fà á wọlé. Bó bá bà lé ọmọ, ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má gbá a. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ bọ abẹ́ búlọ́ọ̀kù láì wò ó, torí àkekèé. Kí gbogbo ọwọ́ tó bá kan ìgbín sì rí ọṣẹ kó tó kan ẹnu.

Àbúrò Yín ní Lọ́ńdọ̀nù

Mo ń ka èyí pẹ̀lú ọmọ mi. Ọgbà tiwa níbí kò ju faráńdà lọ, ìgbín wa kò sì ju ìdérí ìgò lọ, ṣùgbọ́n a ti fi ìdérí ìgò náà ṣe àwo oúnjẹ fún un. Kòkòrò kan wà lábẹ́ igi jíjẹrà tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù. A fi páálí ṣe ojú góòlù kékeré kan, a gbé e sẹ́bàá ibi tí wọ́n ń gbé. A ń dúró.

Mo fẹ́ kìlọ̀ kan ṣá. Àwọn kan ń kó kòkòrò sínú fíríìjì kí wọ́n má lè rìn, kí fọ́tò lè dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kùtùkùtù ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún wa: òtútù òwúrọ̀ máa ń mú tata àti lámilámi dúró gbagidi pẹ̀lú ìrì lára, títí oòrùn yóò fi yọ.

Màmá Ọgbà, Òṣogbo

Ọjọ́ mẹ́wàá rèé. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

A fọ agolo náà lẹ́ẹ̀mẹta torí iyọ̀. Ọmọ ló fún omi ìbẹ́pẹ sí àyè dírẹ́bà. Ọjọ́ kìíní, èèrà nìkan ló wá. Ọjọ́ kejì òjò rọ̀, nígbà tó fi máa di aago méje ku ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀, ìgbín ti wà lórí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó ń gòkè bọ̀. Mo ti dojú bolẹ̀ lórí ẹní kí ó tó dé ibẹ̀. Orúnkún mi dùn mí, ṣùgbọ́n n kò dìde. Ó nà ìwo kan sókè, ó fa èkejì sẹ́yìn díẹ̀, ó wá na ọrùn bọ inú mọ́tò láti ojú fèrèsé. Ọmọ-ọmọ mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí mi pé, “Màmá, ó ń wá kọ́kọ́rọ́.” Fọ́tò yẹn ni mo fi sí ojú fóònù mi báyìí. Ojú rẹ̀ hàn kedere. Mo lè ka ilà ara ìkarahun rẹ̀.

Alángbá fi ọjọ́ méjì sá fún wáyà. Lọ́jọ́ kẹta ó padà wá sí àyè rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Aṣọ òkè tó ṣẹ́kù lára ìró mi ni a fi rán fìlà, pupa òun wúrà. Mo di bọ́tìnnì mú. Fọ́tò mẹ́rìndínláàádọ́ta, ìkan péré ni fìlà ti bọ́ sórí rẹ̀ gẹ́lẹ́, etí kan sókè, etí kan sílẹ̀, àyà rẹ̀ nà gbọọrọ bí olórí ẹbí tó ń dúró kí wọ́n pe òun sórí àga. A wò ó títí di alẹ́.

Mo ka ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rá inú ìrù fún ọmọ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ká pe ọmọkùnrin yẹn wá kó gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ó wá. Mo tún un kà. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn òun ló ń di pépà funfun mú, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró ju ti gbogbo wa lọ.

Òun náà ló gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan láti ara igi, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣe òpó láàárín rẹ̀. A gbé e sínú báàfù omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewédú kí lámilámi lè wá bà lé òpó. Láti ọjọ́ Ajé, lámilámi kankan kò wá. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí a bá aláǹtakùn kékeré kan tó ti ta okùn láti orí òpó sí iwájú ọkọ̀ àti sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ń bèèrè bóyá kí a fi igi yọ ọ́ kí lámilámi lè ráyè.

Ayàwòrán Mọ́níyà, Ìbàdàn

Ẹ má yọ ọ́, mà! Ó ti ta ìgbòkun fún yín. Ẹ gbé aṣọ dúdú kọ́ sẹ́yìn báàfù, ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì sí i, kí ẹ sì jókòó sí ibi tí oòrùn àárọ̀ yóò ti máa bọ̀ sí yín láti ẹ̀yìn okùn náà, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ jí kí ìrì tó gbẹ. Bí aláǹtakùn náà bá jẹ́ irú èyí tí ojú ńlá méjì wà níwájú rẹ̀, yóò yí padà wò yín. Kí ọmọkùnrin yẹn di pépà mú sí apá òsì.